Hóró Funfun Tí Mo Ń Gbé Mì Nínú Ààwẹ̀

Orí ló kọ́kọ́ ń dà mí láàmú, kì í ṣe inú. Mo tètè sọ èyí nítorí ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọgbẹ́ wà nínú ikùn yín, tí ẹ ń rò pé ata ló fà á, tàbí pé ayé ló ṣe yín. Ó lè jẹ́ ata. Èmi ò mọ tiyín. Tèmi ni mo mọ̀, òun náà ni mo fẹ́ sọ.

Olùkọ́ ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ nígbà náà ní ilé-ìwé ìjọ wa ní Ajíbọ́dé, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ abúlé lẹ́yìn yunifásítì, tí kòkó àti ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbi tí wọ́n kọ́ ilé sí lónìí. Ọmọ Ìrókò ni mí. Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní yunifásítì, òun ló ń bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kan àga àti àpótí. Olódò ni ìyá rẹ̀ ń gbé, mùsùlùmí sì ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì Àńgílíkà ni èmi àti ọkọ mi ń lọ. Kò sí ìjà lórí ìyẹn. Tí Iléyá bá dé, a jẹ ẹran wọn. Tí Kérésì bá dé, wọ́n jẹ ìrẹsì wa.

Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kéékèèké rí mọ ohun tí ariwo wọn lè fi orí ènìyàn ṣe. Tó bá ti di ọ̀sán, tí páànù òrùlé bá gbóná, ńṣe ni orí mi máa ń là. Tíṣà kan tí a jọ wà ló fún mi ní hóró asipirín kan. Mo gbé e mì, kò pẹ́ rárá, orí fúyẹ́. Mo ní, háà, kí ni mo ti ń jìyà fún látọjọ́ yìí? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rà á. Kò sí ìsọ̀ tí wọn kì í ti í tà á nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ iyọ̀ àti ìṣáná ni wọ́n ń gbé e sí. Àwọn tó ń roko kòkó ń lò ó kí wọ́n tó mú àdá, wọ́n tún ń lò ó tí wọ́n bá délé. Ta ló máa ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń pa ènìyàn? Èmi ò kà á sí.

Lẹ́yìn náà ni ààwẹ̀ Lẹ́ńtì dé. Inú ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ni mo wà, a kì í sì í fi ààwẹ̀ wa ṣeré. A kò ní jẹ, a kò ní mu, títí aago mẹ́ta ọ̀sán tí a ó fi pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ebi náà tún wá ń bá orí mi jà. Mo bi Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn olórí wa, bóyá mo lè lo oògùn orí mi.

Wọ́n ní, "Oògùn kì í ṣe oúnjẹ, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní bá ọ wí nítorí hóró kan àti omi tí kò kún ẹnu."

Èmi nìkan kọ́ ni. Púpọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó gbé e mì láàárọ̀ sínú òfìfo ikùn, a ó tún gbé òmíràn mì tó bá di ọ̀sán kí a lè dúró kọrin. Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́jọ́ kan, wọ́n sì rí mi níbi tí mo ti ń gbé e mì.

"Ìyá Dúpẹ́, kí lo sọ sẹ́nu yẹn?"

"Oògùn orí ni, Ìyá."

"O ò wá ní ò ń gbààwẹ̀ ni?"

"Mò ń gbà á, Ìyá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ kí tún lèyí? Tiwa, tí nǹkan bá ti kọjá ọ̀fun, ó ti já nìyẹn. Aláìsàn gan-an, a kì í ní kó gbà á, ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá kó tó san án. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín lẹ jọ mọ̀ ọ́n o!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ dá mi lẹ́bi, kí wọ́n wá jókòó.

Nínú Lẹ́ńtì yẹn ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lókè ìdodo. Mo rò pé ebi ni. Tí mo bá jẹun, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ohun tí mo ṣe sí i. Hóró funfun yẹn náà ni mo lò. Ìrora ṣáà ni ìrora, àbí? Ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún inú. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí èédú, ó sì ń lẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi funfun. Tí mo bá rìn láti ilé dé ilé-ìwé, màá jókòó kí n tó lè kọ nǹkan sójú pátákó. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, tí ẹ bá rí irú ìgbẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú ni ọjọ́ tí mo bì níwájú àwọn ọmọ. Ohun dúdú ló jáde, kíríkírí bí iyanrìn ìsàlẹ̀ odò, ẹ̀jẹ̀ pupa sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ sá jáde, wọ́n ń ké pé "Tíṣà ti kú o!" Mo gbọ́ wọn. Mo fẹ́ sọ pé mi ò tíì kú, ẹnu mi ò là.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọkọ mi fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá nígboro. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù rí, kó máa dúpẹ́. A ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìlà ti gùn dé ẹnu géètì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ẹnì kan, gbogbo wa á sún ìdí síwájú. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ọmọ dání, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣáá nípa ikọ́ ọmọ náà, mo sì ń dá a lóhùn. Mi ò bẹ̀rù. Ó yẹ kí n bẹ̀rù, ẹ̀rù ò dé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi òwú dí mi létí.

Dókítà tẹ̀ mí nínú, ó ní ọgbẹ́ ló wà nínú ikùn mi, òun ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń lo nǹkan kan. Mo ní n kò lo nǹkan kan, èmi kì í mu àgbo. Òótọ́ ni mo rò pé mò ń sọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n fún mi ní oògùn olómi funfun kan tó rí bí ẹfun tí a pò mọ́ omi, wọ́n ní kí n sá fún ata. Kí a tó kúrò níbẹ̀, dókítà pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá tún dà bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má lè dá a dúró mọ́. Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé."

Nígbà tí a padà délé, ìyá ọkọ mi ti gbé ẹrù wọn dé láti Olódò.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni wọ́n wí. "Ta ni kò mọ jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde, kí ni à bá tún pè é?" Wọ́n ti rẹ egbò igi sínú omidun, ó kan, ó korò, bí mo bá ṣe ń mu ún ni inú mi ń ká kò bí ewé tó kan iná.

Ìyá Ẹgbẹ́ náà dé. Wọ́n ní a ó fi ọ̀sẹ̀ kan kún ààwẹ̀, nítorí ẹ̀mí tó ń bá mi jà kò ní lọ bí kò ṣe nípa ààwẹ̀ àti àdúrà. Ìyá ní, "Aláìsàn? Ààwẹ̀? Ẹ fẹ́ pa á ni?" Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Àgbo yín yẹn ni kò ní pa á?" Àwọn méjèèjì fẹ́ràn mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi dúró láàárín wọn bí òpó. Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní ohun tó bá wù wọ́n.

Gbogbo rẹ̀ ni mo wá ń ṣe. Mo mu àgbo Ìyá, mo gbààwẹ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ débi tí agbára mi mọ, mo mu ẹfun dókítà. Tí orí bá sì fọ́ mi, mo gbé hóró funfun mì. Owó tí a ti ń tọ́jú láti fi ra kẹ̀kẹ́ tán sórí ọkọ̀ àti oògùn. Dúpẹ́, ọmọ wa, ṣubú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, eékún rẹ̀ bó, ó sunkún wá bá mi. Mo kàn ń wò ó. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni, mo mọ̀ pé ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò ṣe mí bí nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju ọgbẹ́ lọ lónìí. Nígbà yẹn, kò dùn mí.

Nítorí pé ọkọ mi kò fẹ́ fi mí sílẹ̀ lálẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wálé. Olùkọ́ kan ní yunifásítì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ló gbé iṣẹ́ kan fún un tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù igi ni, kéékèèké, bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì gbó. Ó ní kó gbẹ́ wọn kí wọ́n rí róbótó, kó lu ihò sí wọn lára, kó kun àwọn kan ní dúdú, àwọn kan ní funfun, àwọn mẹ́rin ní pupa, kó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀ bí òun ṣe yà á sórí ìwé. Ọkọ mi ò bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń béèrè nǹkan tó ju èyí lọ.

Nígbà tó so wọ́n pọ̀ tán, ó gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tí mo sùn sí kí ọ̀dà rẹ̀ lè gbẹ. Mẹ́fà nínú àwọn dúdú di ara wọn mú yípo bí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré òṣùpá, àwọn yòókù yọ ní apá àti ẹsẹ̀. Mo máa ń wò ó láti àárọ̀ di alẹ́. Mi ò rò ó sí rere, mi ò rò ó sí búburú. Orí tábìlì yẹn náà ni ìgò asipirín mi wà.

Ìyá kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. "Kí lèyí tó ń wo aláìsàn lójú yìí? Ẹ gbé e jáde."

"Ìyá, iṣẹ́ ọ̀gá ni," ni ọkọ mi wí. "Igi ni, ọ̀dà ni."

"Mo mọ̀ pé igi ni. Ara mi ni kò gbà á." Wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bò ó.

Nígbà tí iṣẹ́ pẹ́, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó kí mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bàbá Dúpẹ́ sọ pé ara yín ò yá." Ọkọ mi ká ìborùn kúrò. Olùkọ́ náà gbé nǹkan náà sókè, ó ń yí i, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló rí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Káfíńtà, ẹ mọ̀ ọ́n ni? Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀!"

Ọkọ mi ní kò yé òun.

"Oògùn inú ìgò yìí náà ni mo ní kí ẹ gbẹ́. Asipirín ni. Ohun gbogbo ló ní bó ṣe to ara rẹ̀ jọ nínú, tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Bí asipirín ṣe to ara rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè fọwọ́ kàn án." Ó kọjú sí mi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lò ó, mà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

Mo ní ojoojúmọ́ ni. Mo ní tí mo bá ń gbààwẹ̀, kí n tó jẹun. Mo ní tí inú bá ń dùn mí náà, mo máa ń lò ó.

"Kí ló ń ṣe yín nínú gan-an?"

Ọkọ mi ló dá a lóhùn. Ó sọ ti ìgbẹ́ dúdú, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó sọ ohun tí dókítà bá a sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu olùkọ́ náà. Ó gbé àwọn bọ́ọ̀lù igi yẹn sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé dókítà mọ̀ pé ẹ̀ ń lo èyí?"

"Rárá," ni mo wí.

"Èmi kì í ṣe dókítà o. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń sọ ọ́ pé oògùn yìí a máa họ ikùn àwọn ẹlòmíràn títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, pàápàá tí kò bá sí oúnjẹ níbẹ̀. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore. Ó jọ pé kò ṣe yín lóore. Ẹ má lo ọ̀kan mọ́. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá ti jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín pé ara mi ò gbà á."

Ọkọ̀ olùkọ́ náà ló gbé wa, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀. Mo tún bì lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ tútù ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí dókítà gbọ́ ti asipirín, ó mi orí, ó ní tí mo bá tún wá bá òun, kí n máa sọ gbogbo ohun tó bá ti wọ ẹnu mi, ìbáà ṣe ohun tí wọ́n ń tà níbi iyọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé àfi kí wọ́n là mí nínú, nítorí ọgbẹ́ náà ti jìn, ẹ̀jẹ̀ ò sì fẹ́ dúró.

Ìyá fi igbe ta. "Ẹ ò ní la ìyàwó mi bí ewúrẹ́ Iléyá!" Ọkọ mi jókòó sórí àga, ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Mo wò ó. Mo rò ó pé mo lè kú láàárọ̀ yìí, kí ọmọ mi di aláìníyàá, mo sì rò ó bí ẹni ń rò ó pé bóyá òjò máa rọ̀. Ọkọ mi nu ojú, ó tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n là mí.

Nọ́ọ̀sì ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi fi tirẹ̀ sílẹ̀, kò tó. Nígbà yẹn, tí a bá sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ènìyàn á máa sá. Wọ́n ń wá Ìyá, wọn ò rí wọn. A rò pé ìbínú ló gbé wọn lọ. Olódò ni wọ́n lọ, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú àwọn àbúrò ọkọ mi méjì, wọ́n dà wọ́n síwájú bí ẹran.

Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Mi ò fẹ́ kí ẹ là á. Mo ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá máa là á, àìsí ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni yóò pa á. Ẹ gbà."

Ọ̀kan nínú wọn ní òòyì ń kọ́ òun. Ìyá ní kó dìjú.

Wọ́n là mí, wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú ikùn mi. Mo jí. Ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ara mi le. N kò lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń jẹ ẹ́, ata kò sì tíì bá mi rẹ́. Àpá náà máa ń yún mi tí ọyẹ́ bá dé. Orí ṣì máa ń fọ́ mi, màá wá ibi tó ṣókùnkùn dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú aṣọ tútù lórí, kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì máa pariwo. Mo ti sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́, wọ́n sì gbà, pé ẹni tó bá nílò oògùn kó jẹun, kó má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àgbo kíkan lé ọgbẹ́, ẹ má sì fi ohun tí ẹ̀ ń gbé mì pamọ́ fún dókítà nítorí pé ó kéré. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n là yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n là yín.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ṣáájú. Mo padà sílé, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó, inú mi ò dùn. Dúpẹ́ ń rọ̀ mọ́ mi, mò ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa orí ọmọ aládùúgbò. Ìyá kò padà sí Olódò. Mo gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ara ìyàwó ti dé. Òun gan-an ò tíì dé." Bẹ́ẹ̀ ló rí fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí nígbà náà pé bóyá báyìí ni màá ṣe wà.

Ní ọjọ́ kan nínú òjò, èmi àti Ìyá ń bọ̀ láti oko. Mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò kòkó kan, èékánná àtàǹpàkò mi ṣí. Mo kígbe. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo bú sẹ́kún, mi ò sì lè dá a dúró. Mo ń sunkún ti kíláàsì yẹn, ti bẹ́ǹṣì, ti eékún Dúpẹ́ tó bó tí mo kàn ń wò.

Ìyá ju igi ìdáná wọn sílẹ̀, wọ́n sáré wá. "Kí ló dé? Ṣé inú ni? Ìyá Dúpẹ́, ṣé inú ni?"

"Ẹsẹ̀ ni, Ìyá. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an!"

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n jókòó tì mí sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìró wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà lé itan.

"Alihamudu lilahi," ni wọ́n ń wí. "Sunkún, ọmọ mi. Sunkún dáadáa. Káàbọ̀."